Owó Rẹ Dà, Àbí Ilé Rẹ Dà?

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni mo kó wá sí Ìbàdàn láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Faransé. Ọ̀nà náà kò jìn. Mo wọkọ̀ ní Kétu lówùúrọ̀, mo kọjá ní Ìlárá, mo gba Ìmẹ̀kọ lọ sí Abẹ́òkúta, oòrùn kò sì tíì wọ̀ tí mo fi dé Ìbàdàn. Láti ibi tí mo ti gbéra títí dé ibi tí mo ti sọ̀, n kò rí ìlú kan tí wọn kò ti ń sọ Yorùbá. Ìlárá fúnra rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wà ní Benin, ẹ̀gbẹ́ kejì wà ní Nàìjíríà, nítorí ìlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1889. Síbẹ̀, nígbà tí òṣìṣẹ́ ẹnubodè yẹ ìwé mi wò tán, ohun tó sọ ni pé, "Àlejò ni yín o. Ẹ má gbàgbé pé ọjọ́ 90 lẹ ní." Òótọ́ ló sọ, nítorí pé àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ní ọdún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ òmíràn fún ọjọ́ 90 láìgba físà, lẹ́yìn èyí tí yóò níláti lọ gba ìwé ìgbélùú. Yorùbá ló fi sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ó dùn mí díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni ohun tí mo rí kọ́ nínú gbígbé ìlú onílùú, pàápàá láti inú orin tí a ń gbọ́ níwájú àwọn tó ń kọ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ irú àlejò tí mo jẹ́. Àlejò tí kò gbọ́ èdè ní àǹfààní kan tí àlejò tó gbọ́ èdè kò ní. Bí òyìnbó bá ṣe àṣìṣe ní Ìbàdàn, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á fà á mọ́ra, wọn á sì kọ́ ọ bí a ti ń ṣe é. Bí èmi bá ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, wọn á wò mí tìyanu-tìyanu bí ẹni tí wọn kò kọ́ nílé, nítorí pé Yorùbá ló ń jáde lẹ́nu mi. Kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé ohunkóhun fún mi; wọ́n ti gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo dúró sí etí títì ní Sángo tí mo ń pe "zẹ́mì", bí a ti ń pe ọ̀kadà nílé, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Fọ̀n tó túmọ̀ sí "gbé mi kíákíá", àwọn ọlọ́kadà sì ń wò mí bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Àwọn náà kò ṣàì ní tiwọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń wá ibi tí wọ́n ń pè ní Sálẹ́ńjì lórí àwòrán ìlú tó wà nínú fóònù mi, kí ọmọ kíláàsì mi kan tó sọ fún mi pé Challenge ni, àti pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn, "ch" ti di "s" láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo gbà ní Sángo, lọ́dọ̀ Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba. Oúnjẹ wọn kò fún mi ní wàhálà kankan. Ẹni tó bá bá abùlà Ìbàdàn jà, òun ló jẹ̀bi. Iná ló yà mí lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí orílẹ̀-èdè mi ti ń ra iná mànàmáná lọ́wọ́ Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbé ilé tí òkùnkùn rẹ̀ pọ̀ tó ti Sángo rí. Nígbà tí mo sọ èyí fún Màmá onílé, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé e lọ nìyẹn. Ẹ bá wa dá a padà."

Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ju mí lọ dáadáa, tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ṣe ìnáwó òkú ìyá rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè Àdó. Ìwé ìpè sọ pé aago méjìlá ọ̀sán. Aago Benin àti ti Nàìjíríà kò fi ìṣẹ́jú kan ju ara wọn lọ, nítorí náà aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé, mo sì bá àwọn tó ń to àga. Aago mẹ́ta kọjá kí ẹgbẹ́ olórin jùjú tí wọ́n pè tó tú okùn iná wọn tán, aago mẹ́rin sì ti lù kí gbọ̀ngàn tó kún. Gbogbo ènìyàn ló wọ léèsì aláwọ̀ ọsàn, èmi nìkan ni mo wọ kọ́ọ̀tù aláwọ̀ eérú tí mo fi ń kọ́ni. Mo mọ aṣọ ẹbí láti ilé, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ lásán náà ń dá a, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi, nítorí ta ni yóò jókòó máa ṣàlàyé aṣọ ẹbí fún Yorùbá?

Yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ jùjú tó wà lórí pèpéle, àwọn onídùndún mẹ́ta kan ń rìn láàárín tábìlì. Mo ń jẹ mọ́ín-mọ́ín mi lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ṣaworo ń dún lẹ́yìn etí mi. Bí mo ti yíjú, ìyá ìlù ló wà lókè èjìká mi, ọkùnrin tó gbé e kọ́ sì ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Kò wo ìlù náà rárá. Èmi ló ń wò, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Ó lu gbólóhùn kan, ó dúró. Ó tún un lù, ó tún dúró. Mo gbọ́ ọ kedere bí ẹni pé ẹnu ló fi sọ ọ́: ilé rẹ dà? Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Láti ìgbà tí mo ti dé Ìbàdàn, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè yìí, ní ọjà, nínú ọkọ̀ èrò Micra, ní yàrá àwọn olùkọ́, nígbà tí wọ́n bá ti gbọ́ bí mo ti ń gbé ohùn mi, ó sì dára lójú mi pé ìlù náà fẹ́ mọ̀. Mo gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo dìde, mo tẹrí ba fún àgbà, mo sì dáhùn sókè pé, "Kétu ni, Bàbá. Kétu ti Alákétu, ní Benin."

Tábìlì náà dákẹ́ ná. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rín bẹ́. Obìnrin tó jókòó sí apá ọ̀tún mi gbá mi léjìká, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá Faransé! Owó rẹ dà ni bàbá ń wí o!" Onílù náà ti tẹ̀ síwájú, ẹ̀rín kò jẹ́ kí ó lè gbé kọ̀ǹgọ́ rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí ariwo tó rọlẹ̀, ó ti yí ìlù padà, ó ń pe Alákétu, ó ń pe Alákétu, àwọn méjì tó kù sì ń gbè é lẹ́sẹ̀, gbogbo ojú tó wà ní apá ibẹ̀ sì ń wo ọwọ́ mi. Ìwé ẹgbẹ̀rún náírà kan ṣoṣo ló wà lápò mi, owó ọkọ̀ mi àti oúnjẹ ọjọ́ Àìkú. Mo yọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sìnkú ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sínú yàrá mi, mo ń fi ìka lu tábìlì. Re-mí-re-dò. Owó rẹ dà? Re-mí-re-dò. Ilé rẹ dà? Bákan náà ni. Ajá rẹ dà, ọkọ́ rẹ dà, ẹgbẹ́ rẹ dà, gbogbo wọn ni re-mí-re-dò. Mo ti ń sọ Yorùbá láti kékeré, n kò sì tíì jókòó ronú rí pé ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ìlù ń gbé, pé àwọn lẹ́tà tó ya owó sọ́tọ̀ kúrò lára ilé kò sí nínú awọ. Bí àwọn ènìyàn ti kún gbọ̀ngàn yẹn tó, èmi nìkan ni mo gbọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ náà kò fi mí sílẹ̀, nítorí náà mo bẹ Ẹ̀gbọ́n kí ó mú mi lọ sọ́dọ̀ onílù náà. Ilé rẹ̀ wà nínú agboolé kan tí kò jìnnà sí Ọjà'ba, ọmọ Àyàn ni láti ìran dé ìran, wọn kò sì ra ìlù wá fún un. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo ní mo fẹ́ kọ́ bí a ti ń gbọ́ ìlù, pé n kò ní kí wọ́n kọ́ mi ní lílù. Ó wò mí títí. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó wá kọ́ gbígbọ́ rí. Ó gbé ìyá ìlù lé itan, ó sì fi ọwọ́ òsì di ọsán mú, àwọn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀. Bí ó bá fún un le, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wá sílẹ̀. Láàárín méjèèjì ni re wà, òun ló sì ṣòro jù, nítorí pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò dúró láìwo ibẹ̀. Ó fi gúdúgúdú hàn mí, kékeré tó ń gbé kọ́rùn, tí wọ́n lẹ ìda mọ́ lójú, tí wọ́n sì ń fi awọ méjì nà dípò kọ̀ǹgọ́. Ó ní ìyẹn kì í sọ̀rọ̀ bí ìyá ìlù, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá ìlù á dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun tó ṣí mi lójú jù ni ìdáhùn rẹ̀ nígbà tí mo béèrè bí ènìyàn ṣe ń mọ èwo ni ìlù ń sọ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn bára mu. Ó ní ìlù kì í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Oríkì tí a ti mọ̀, òwe tí a ti mọ̀, ìbéèrè tí a ti mọ̀ ni ó ń sọ, ibi tí onílù sì dúró sí jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Bí onílù bá dúró lẹ́yìn àga ènìyàn níbi ìnáwó, kí ló tún lè máa béèrè? Nígbà náà ni mo bi í pé, ní ọjọ́ Òkè Àdó, ṣé owó ló sọ lóòótọ́, àbí ilé? Ó ní, "Ọjọ́ wo nìyẹn?" Mo rán an létí: ìnáwó òkú ìyá Ẹ̀gbọ́n, èmi tó wọ kọ́ọ̀tù eérú, tó dìde. Ó gbìyànjú, kò rántí. Òde méjì ló lọ lọ́jọ́ náà.

Kí n tó dìde, ó lu oríkì ìlú rẹ̀ fún mi, ó sì ń fi ẹnu sọ ọ́ bí ó ti ń lù ú kí n lè di í mú: Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Èyí ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo lè dá mọ̀ nínú ìlù láìsí ìrànlọ́wọ́, bóyá nítorí pé ó kàn mí. N kò gbà á gbọ́ tán o. Àwọn ajẹ́ńtì tó fi yàrá hàn mí kò gbe àjèjì rárá.

Ó yẹ kí n sọ irú etí tí mo gbé wá. Òru Ẹ̀fẹ̀ ní ọjà Kétu ni mo ti kọ́ bí a ti ń gbọ́ orin. Àwọn tó bá mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àdáyébá aráyé, tí wọ́n sì tún kọ sínú ìwé wọn ní ọdún 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò, mọ̀ pé kí àwọn agẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án, Ẹ̀fẹ̀, olórin wọn, ti máa ń kọrin lóru. Ó lè fi orin bá ìjòyè wí, ó lè pe olè ní olè láìdárúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá a jà. Nítorí náà, ńṣe ni àwọn ènìyàn máa ń dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan má bàa bọ́ sílẹ̀, tí ó bá sì di òwúrọ̀, orin náà á ti wà lẹ́nu àwọn ọmọdé tó ń lọ pọn omi. Etí tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú orin ni mo gbé wá sí òde Ìbàdàn, mo sì bá ìyìn, ìyìn lórí ìyìn. Ọdún kìn-ín-ní, mo pè é ní ìpọ́nni lásán, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n kò bá mi jiyàn. Ó kàn mú mi lọ sí ìsìnkú mìíràn, ó sì sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé nínú àwọn ọmọ olóòógbé, àkọ́bí ra màlúù, èkejì ra ìrẹsì àti ọtí, ẹ̀kẹta sì ti Èkó dé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ púpọ̀. Olórin kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka ìran wọn dé orí baba ńlá, ó dùn ún gbọ́. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹta, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ra màlúù, a rí i, ẹni tó ra ìrẹsì, a jẹ ẹ́, ìwọ tó gbé ẹnu wá láti Èkó, o kú ìnáwó." Àwọn ègbè gbà á, gbogbo gbọ̀ngàn jó o. Ẹ̀kẹta náà jó, ó sì ná owó fún un títí àpò rẹ̀ fi gbẹ. Ẹ̀fẹ̀ ni mo gbọ́ yẹn, ó kàn wọ aṣọ ìyìn ni.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn padà. Àárín ìgbà náà ni àrùn kòrónà dé, tí òde dákẹ́ ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ ìlú òkèèrè nígbà náà. Kétu tí mo ń lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀ wá jìnnà bí ìlú Paris. Nígbà tí òde tún bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí orin wà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ìyẹn ló sì gbà mí lọ́wọ́ àárò ju ìpàdé àwọn ọmọ Benin lọ, níbi tí a ti máa ń fi wákàtí mẹ́ta ráhùn. Mo kọ́ pé ẹ̀yìn ẹgbẹ́ olórin ni ó dára jù láti jókòó sí. Iwájú ni àwọn gbohùngbohùn kọjú sí, wọ́n sì máa ń pariwo débi pé àyà ni ènìyàn fi ń gbọ́ wọn. Láti ẹ̀yìn, mo ń rí ọwọ́. Mo ń rí bí olórí ṣe ń fi ìka méjì lẹ́yìn ara rẹ̀ sọ fún onígìtá pé kí ó yí ohùn, àti bí ọmọdékùnrin tó ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń sùn lójú, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì sùn.

Inú ọkọ̀ Micra náà jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Awakọ̀ àgbà kan tó máa ń gbé mi láti Sángo lọ sí Mọ́kọ́lá ló sọ fún mi pé Ìbàdàn ni wọ́n bí Síkírù Àyìndé Barrister sí ní ọdún 1948, àti pé inú wéré, orin tí àwọn ọmọdé fi ń jí àwọn mùsùlùmí fún sààrì nínú ààwẹ̀, ni fújì ti jáde. Ó ní Dáúdà Epo Àkàrà, tó di olóògbé ní ọdún 2005, náà mú wéré, ó sì fi ṣe awúrebe tirẹ̀, àti pé ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn tí kò mọ awúrebe, owó ọkọ̀ rẹ̀ yẹ kó pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Ilé ọtí kan ní apá Mọ́kọ́lá ni, ẹgbẹ́ olórin mẹ́fà: gìtá, dùùrù oníná, ìlù òyìnbó, àkúbà, gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kọrin dé ibi tó dùn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Iná lọ. Gìtá lọ. Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ dùùrù ṣì wà lórí rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń jáde. Gángan kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, àkúbà wọlé sí i, olórin sì fi gbohùngbohùn sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àárín wa nínú òkùnkùn, ó ń fi ohùn ara rẹ̀ kọrin. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbé àga wọn sún mọ́ ọn. Ẹnì kan tan iná fóònù, ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Mo jókòó débi pé bí mo bá na ọwọ́, n ó kan onígángan, mo sì gbọ́ nǹkan tí n kò gbọ́ rí láti ọdún tí mo ti ń tẹ̀ lé wọn: igbe kékeré tí ọsán ń ké bí abíyá ti ń fún un, kí ohùn ìlù tó jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló yé mi. Ó kí olórin kú iṣẹ́, ó bú jẹnẹrétọ̀, ó ní kí ẹni tó ni ilé lọ ra epo. Ó tó ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí iná padà, tí àwọn gbohùngbohùn tún hó, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, ó sì dùn mí. Èrò mi ni pé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti le jù ní Ìbàdàn. Ìlù tí a gbọ́ ariwo rẹ̀ láìgbọ́ ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ lẹ́bàá ẹ̀rọ ìlọta.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ owó, nítorí kò sí bí a ṣe lè sọ orin òde láìsọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ìwé náírà 200, 500 àti 1,000, tí owó dàwátì ní báńkì, mo wà níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Bódìjà tí kò sí ẹni tó ní ìwé owó lọ́wọ́. Olórin kò bínú. Ó kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ lórin, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ègbè gbà á, onílù sì ń lu nọ́ńbà náà tẹ̀ lé e, n kò sì mọ etí tó lè ya ohùn méje sọ́tọ̀ kúrò lára mẹ́jọ. Àwọn ènìyàn ń jó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Olówó tó bá ti fi owó ránṣẹ́ á gbé fóònù rẹ̀ sókè kí olórin lè rí i, olórin á sì ka iye rẹ̀ sí gbogbo ayé létí.

Nínáwó sí ènìyàn lára náà ní òfin tirẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó bẹ̀rù rẹ̀ títí di oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ilé-ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí abọ́ tàbí àpò níwájú olórin ní àwọn òde kan. Èmi a máa fi tèmi sínú àpò agbádá onílù fúnra rẹ̀, ìwé ₦100 mẹ́wàá tí mo ti ṣẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì, nítorí mo ti kọ́ pé ìwé kéékèèké máa ń mú kí onílù pẹ́ lẹ́yìn àga ẹni. N kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já bọ́, owó oṣù mi, bí mo bá ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà láti fi ránṣẹ́ sílé, kò tó ìdajì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú mi tí a jọ ń ṣe olùkọ́ ti padà sílé púpọ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ń dúró dè. Mo sọ fún wọn pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìdánwò lọ́dún yìí, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ìyá mi kò tíì dé Ìbàdàn rí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ń pè mí, wọ́n sì ti mọ̀ pé ariwo ni àwọn yóò bá. Ní Àbámẹ́ta tó kọjá, mo wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ olórin níbi ìgbéyàwó kan ní Mọ́níyà nígbà tí fóònù dún, Bàbá Onílù sì ń kọjá lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó rí mi, ó rí fóònù létí mi, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ dúró. Ó fi ojú pè mí, ó fún ọsán, ó sì lu gbólóhùn àtijọ́ náà, re-mí-re-dò, lẹ́ẹ̀mejì. Mo na fóònù sí ìlù náà kí wọ́n lè gbọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ gbọ́ ohun tó ń wí?" Ẹ ó dárí jì mí bí mo bá sọ pé mo ń retí kí wọ́n gbọ́ ilé.

Wọn kò ronú rárá. Wọ́n ní, "Owó ló ń tọrọ. Ṣé o ti fún un?"

Mo ní mo ti fún un.

Onílù tún un lù.

Wọ́n ní, "Irọ́ ni. Bí o bá ti fún un, kò ní máa tún un lù."